Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ọmọ Tí Bàbá tàbí Ìyá Rẹ̀ Fi Ilé Sílẹ̀

Ibi Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 21:8–21, 25:7–9, 2 Tímótì 1:3–5.

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 27:10. Kí kíláàsì jùmọ̀ kà á sókè láti inú Bíbélì.

Ète Ẹ̀kọ́: Kí àwa àgbà lè mọ ohun tí ń lọ nínú ọkàn ọmọ tí òbí rẹ̀ kan ti jáde nílé, kí a sì mọ bí a ó ṣe dúró tì í.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwa Onítẹ̀bọmi ní Èkìtì mọ Ìkógòsì dáadáa. Ní àwọn ọdún 1950 ni míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, Alùfáà John McGee, tún àyíká ìsun omi náà ṣe di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń pàgọ́. Omi gbígbóná ń sun níbẹ̀, omi tútù ń sun nítòsí rẹ̀, wọ́n sì ń ṣàn pàdé ara wọn. Ìtàn tí a máa ń sọ fún àlejò tó bá débẹ̀ ni pé orogún méjì ni wọ́n rí, aya ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù, wọn kò sì lè gbé pọ̀. Àwọn di omi, ọkọ wọn di òkè. Ìtàn lásán ni, a kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìtàn náà sọ ti ọkọ, ó sọ ti ìyàwó méjèèjì, kò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé tí ó tú ṣe ń rí lẹ́nu wa. Bí tọkọtaya kan bá pínyà ní Ajílósùn tàbí ní Ìgẹ̀dè, kí ilẹ̀ tó ṣú àdúgbò ti mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ bú ẹnìkejì, ẹni tí ó kó àpótí, àti ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹbí ọkọ ti jókòó, ẹbí ìyàwó ti jókòó. Ọmọ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wo bí a ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ta ni ó bi í ní ohunkóhun? “Máa lọ ṣeré” ni a wí fún un.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe lórí bóyá ó tọ́ kí tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀. A mọ ohun tí Málákì 2 àti Mátíù 19 wí, a ó sì máa kọ́ ọ bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀. Olùkọ́, má ṣe jẹ́ kí kíláàsì fi wákàtí yìí ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó ní àárín yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ gbọ́ lónìí.

NÍ IJÙ BẸẸRÍ-ṢÉBÀ

Gbogbo wa mọ ìtàn Hágárì àti Íṣímáẹ́lì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ń kà á bí ìjà Sárà àti Hágárì. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà lónìí bí ẹni tí ó ń wo ọmọ náà.

Íṣímáẹ́lì kì í ṣe ìkókó. Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 86 nígbà tí a bí i, ó sì pé ọdún 100 kí a tó bí Ísáákì. Nígbà tí a sì ń se àsè ìjálẹ́nu-ọmú Ísáákì, Íṣímáẹ́lì ti lé ní ọmọ ọdún 14. Ó ti mọ bàbá rẹ̀, ó ti bá a jẹun, ó ti bá a rìn. Lọ́jọ́ kan, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, bàbá yìí kan náà gbé oúnjẹ àti ìgò omi lé ìyá rẹ̀ léjìká, ó sì rán àwọn méjèèjì lọ. Ẹsẹ 11 sọ fún wa pé ọ̀ràn náà burú lójú Ábúráhámù nítorí ọmọ rẹ̀. Àwa tí a ń ka ìwé náà ni a mọ èyí. A kò rí i kà pé Ábúráhámù sọ ọ́ fún ọmọ náà. Bàbá púpọ̀ wà ní ilẹ̀ wa tí ó jáde nílé pẹ̀lú ìrora ọkàn, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè rí inú bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń rí bí ó ti ń lọ.

Nígbà tí omi tán, Hágárì gbé ọmọ sí abẹ́ ìgbẹ́, ó sì lọ jókòó ní ọ̀ọ́kán, ìwọ̀n ibi tí ọfà lè dé, nítorí kò fẹ́ fojú rí ikú rẹ̀. Kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ tirẹ̀ ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wo ti ọmọ náà mọ́ ọn. Ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti lọ a máa wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ kí ó jìnnà sí i bẹ́ẹ̀. Ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìsinsìnyí ni kí ẹ ṣí Bíbélì yín sí ẹsẹ 16 àti 17. Ta ni ẹsẹ 16 sọ pé ó gbé ohùn sókè tí ó sọkún? Hágárì ni. Ohùn ta ni ẹsẹ 17 sọ pé Ọlọ́run gbọ́? Ohùn ọmọ náà ni. Títí di ìgbà náà ìwé kò tíì sọ fún wa pé ọmọ náà la ẹnu rárá. Ẹkún àgbà ni gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ti ọmọ wà lábẹ́ ìgbẹ́ níbẹ̀, Olúwa sì gbọ́ ọ. Ìtumọ̀ orúkọ Íṣímáẹ́lì gan-an nìyẹn, pé Ọlọ́run gbọ́.

Ẹ tún wo bí ohun gbogbo ṣe tẹ̀léra. Áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ fi kànga han Hágárì. Ó ní kí ó dìde, kí ó gbé ọmọ náà sókè, kí ó dì í lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ là tí ó rí omi. Ó sì dùn mọ́ni pé áńgẹ́lì náà kò bá a wí fún jíjókòó tí ó jókòó síbi tí ó jìnnà.

OHUN TÍ ỌMỌ Ń RÒ TÍ KÒ SỌ

Ní 1971, àwọn obìnrin méjì kan, Judith Wallerstein àti Joan Kelly, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa ìdílé 60 tí ó ti pínyà ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 131 ni ó wà nínú àwọn ìdílé náà. Wọn kò fi mọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ fúnra wọn, wọ́n sì tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìwé wọn jáde ní 1980. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá wọn jiyàn lórí ohun kan tàbí òmíràn, nítorí ìdílé Kalifọ́níà kì í ṣe ìdílé gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Adó yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kékeré rò pé àwọn ni wọ́n fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń retí pé ẹni tí ó lọ yóò padà, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn tí ó sì ṣe dáadáa jù ni àwọn tí òbí méjèèjì kò jáwọ́ lára wọn, tí ìjà àgbà sì rọlẹ̀ lórí wọn.

Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Òkè-Ìlá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ lọ, ariwo kan ti sọ nílé nítorí owó ilé ìwé rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìjà náà. Àgbà mọ̀ pé ìjà náà ti pé ọdún mẹ́ta, owó ilé ìwé kàn bá a pàdé lójú ọ̀nà ni. Ọmọ kò mọ èyí. Ìṣirò tirẹ̀ ni pé bí òun kò bá lọ sí ilé ìwé, bàbá ìbá wà nílé. Kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, a sì nà án pé ó ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ a nà. Bí ìyá rẹ̀ bá wọ ilé ìwẹ̀, a dúró sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi jáde, nítorí bí ẹnìkan bá lè lọ, ta ni ó sọ pé ẹnìkejì kò ní lọ?

Ọmọ mìíràn kì í tọ̀ sílé, ìjà ni yóò máa jà nílé ìwé. Òmíràn tí ó máa ń gba ipò kejì ní kíláàsì yóò ṣubú sí ipò ogún. Àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ tètè ń rí. Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni ọmọ tí ó wá dára lójijì, tí ó ń pọn omi kí a tó rán an, tí kò béèrè owó mọ́, tí kò sunkún. A máa ń yìn ín pé ó gbọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó máa ra ìyá rẹ̀ padà ni, kí ìyẹn náà má bàa lọ.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé Íṣímáẹ́lì ti di géńdé. Ọmọkùnrin ọdún 15 tí ó ń fi ilẹ̀kùn gbá tí ó sì ń dákẹ́ bí a bá pè é, òun náà wà lábẹ́ ìgbẹ́.

OHUN TÍ ÓÒ SỌ FÚN UN

Àwa Yorùbá a máa fi ọ̀rọ̀ wúwo pamọ́ fún ọmọdé. Bàbá kó jáde, a ní ó lọ sí Èkó, ó ń bọ̀ lọ́dún Kérésì. Ìyá lọ, a ní ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Arámọkọ. Àánú ni a fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n Kérésì ń bọ̀, ọmọ yóò sì wọ aṣọ tuntun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Kérésì méjì bá ti kọjá, kì í ṣe bàbá nìkan ni kò gbàgbọ́ mọ́, kò gba ẹni tí ó kù tì í náà gbọ́ mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni yóò sì sọ òtítọ́ náà fún un, wọn kò ní fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́.

Sọ òtítọ́ fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó mọ ohun gbogbo. Ìyá lè pè é jókòó, kí ó wí pé: “Bàbá rẹ kò ní máa gbé pẹ̀lú wa mọ́. Ọ̀rọ̀ àárín èmi àti òun ni. Ìwọ kọ́ ni o fà á, kò sí ohun tí o lè ṣe tí ìbá dá a dúró. Ó ń dùn mí, ó sì lè máa dun ìwọ náà. Èmi kò lọ síbì kankan. Ìwọ yóò ṣì máa lọ sí ilé ìwé rẹ, ibí yìí ni a ó máa sùn.” Bí apá kan nínú èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ẹ ó kó lọ sílé ìyá àgbà ní Ìjerò, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí o sọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Yóò tún béèrè lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, yóò sì tún béèrè lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí bí ó ti ń dàgbà ni ìbéèrè náà ń yí padà. Má ṣe wí pé, “Ṣé mi ò ti sọ fún ọ?”

Ẹyin ni ohùn. “Bí bàbá rẹ gan-an ni o ṣe rí” jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu ìyá tí inú ń bí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ bàbá náà tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ohun tí o pe òun. Bákan náà ni bàbá tí ó ń wí pé “ọmọ ìyá rẹ ni ọ́”. Ìmú méjèèjì wà lójú ọmọ kan náà, ẹni tí ó bá gé ọ̀kan, ojú ọmọ ni ó gé. Ẹ ka Gẹ́nẹ́sísì 25:9. Nígbà tí Ábúráhámù kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni wọ́n jùmọ̀ sin ín. Ọmọ tí a rán lọ padà wá sin bàbá rẹ̀. A kò mọ ohun tí Hágárì sọ fún un nípa Ábúráhámù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun yòówù kí ó sọ, kò dí ọ̀nà ibojì bàbá rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe sọ ọmọ di ìránṣẹ́. “Lọ bá bàbá rẹ ní gáréèjì, sọ fún un pé ebi ń pa wá.” Ọmọ náà lọ, bàbá fi ìbínú tí ó wà fún ìyá dá a lóhùn, ó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gba ìyà. Kí àgbà bá àgbà sọ ọ́, bí wọn kò bá sì lè rí ara wọn, kí a rán ẹ̀gbọ́n tàbí díákónì. Ẹ má ṣe sọ fún àkọ́bí ọkùnrin pé òun ni bàálé ilé báyìí. Ọmọ ọdún 12 kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ilé mìíràn wà tí ó jẹ́ pé nítorí lílù ni òbí kan fi jáde, tàbí tí ẹni tí ó lọ ni ó ń lu àwọn yòókù. Láti 2011 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tí ó lòdì sí irú ìwà ipá yìí. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa fẹ́ràn ẹni náà, kí ó sì máa bẹ̀rù rẹ̀ pa pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá rán an lọ kí i nítorí pé “bàbá ni bàbá ń jẹ́”. Kí ìjọ má ṣe kánjú sọ pé kí obìnrin náà padà sílé kí ẹnu ayé lè dákẹ́.

AGBOOLÉ ÀTIJỌ́ ÀTI YÀRÁ ÒDE ÒNÍ

Láyé àtijọ́ ní Èkìtì, bí obìnrin bá dá ilé mosú, inú agboolé bàbá ni ọmọ sábà máa ń wà. Ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, iyán ilé mẹ́ta ni ó lè jẹ ní alẹ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí a fi oyin pa á, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ ìyà lọ́wọ́ orogún ìyá rẹ̀ nínú agboolé kan náà. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ni ó pàdánù. Ọmọ tí ó wà nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní Baṣìrì lónìí, àgbà méjì péré ni ó mọ̀ nílé. Bí ọ̀kan bá lọ, ìdajì ayé rẹ̀ ni ó lọ. Nítorí náà ẹni tí ó kù ní láti wá àwọn ènìyàn fún ọmọ náà. Kí ó jẹ́ kí ó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà ìsinmi, kí ó má sì gé ẹbí ọkọ kúrò nítorí ọkọ.

Òfin ìjọba pàápàá ti rántí ọmọ ju bí ẹbí púpọ̀ ti ń ṣe lọ. Òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970, tí ó kan ìgbéyàwó abẹ́ òfin ìjọba, sọ pé ire àwọn ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú bí ó bá ń pinnu ẹni tí wọn yóò máa bá gbé. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, ìkọ̀sílẹ̀ kì í sábà di àṣeparí títí adájọ́ yóò fi rí i pé ètò tó yẹ wà fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin tirẹ̀, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí òbí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn ti mọ. Bàbá tí ó bá ń wí pé “níwọ̀n ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kó o lọ, kí ó máa bọ́ ọ” ń sọ ohun tí òfin kò sọ, 1 Tímótì 5:8 kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú. Fún ẹni tí ó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun tí kò padà, owó tí ó ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí ó máa fi fóònù pe ọmọ náà ní ọjọ́ tí ó bá dá. Ọmọ tí a sọ pé a ó pè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ajé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

IṢẸ́ WA NÍNÚ ÌJỌ

Pọ́ọ̀lù mọ ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú Tímótì, ó sì mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ Lóísì ìyá ìyá rẹ̀, ó dárúkọ Yúníìsì ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìṣe 16:1 sọ pé Gíríìkì ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀lù kò fi èyí dá Tímótì lójú tì, ó pè é ní ọmọ.

Ní Ọjọ́ Àwọn Bàbá, a máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, kí ó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wá síwájú. Ó dára lójú wa tí a jókòó. Ẹ wo ẹ̀yìn ìjọ lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí ó lọ mu omi. Kò ṣòro láti ní kí ọmọ mú àgbà ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn wá. Nínú ẹgbẹ́ Royal Ambassadors àti Girls’ Auxiliary, olùdarí lè rí ọmọ tí ó ti dákẹ́ jù, kí ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ láìbéèrè pé, “Níbo ni bàbá rẹ wà?” Bí arákùnrin kan bá ṣèlérí pé òun yóò máa mú ọmọkùnrin náà lọ sóko tàbí lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó máa lọ. Bí kò bá ní lè máa lọ, kí ó má ṣèlérí. Ẹnìkan ti já ọmọ yìí jù sílẹ̀ rí. Kí àwọn àgbà tí ó bá sún mọ́ ọn sì jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ̀, tí ìjọ sì mọ̀, kí ohun gbogbo wà ní gbangba.

Ẹ má sì ṣe fi ìpàdé àdúrà ṣe ibi ìròyìn. Ọmọ tí ó gbọ́ tí a ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ gbàdúrà pẹ̀lú ariwo ní alẹ́ ọjọ́ Rú kò ní fẹ́ wá sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń sọ fún ọmọ pé òbí rẹ̀ rìnrìn àjò? Ta ni irọ́ náà ń tù nínú?

2. Bí ìwọ bá jẹ́ ìyá àgbà ní Ìyìn tí a kó ọmọ mẹ́ta wá fún, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́?

3. Ǹjẹ́ ọmọ kan wà nínú ìjọ wa tí ó ti “dára” lójijì? Má ṣe dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ta ni yóò lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí?

KÍKÀ BÍBÉLÌ OJOOJÚMỌ́

Ajé: Gẹ́nẹ́sísì 16:1–16. Ìṣẹ́gun: Gẹ́nẹ́sísì 21:8–21. Rú: Gẹ́nẹ́sísì 25:7–11. Bọ̀: Orin Dáfídì 27. Ẹtì: Orin Dáfídì 68:4–6. Àbámẹ́ta: 2 Tímótì 1:1–7. Ìsinmi: Máàkù 10:13–16.